Arcot: Ọba Tí Àwọn Olówó Rẹ̀ Kò Fẹ́ Kó San Gbèsè Tán

Ní ìlú Chennai, ní gúúsù Íńdíà, ààfin kan wà ní àdúgbò Royapettah tí wọ́n ń pè ní Amir Mahal. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń jẹ́ Prince of Arcot. Oyè náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ìjọba àpapọ̀ Íńdíà ló ń sanwó fún ìdílé náà, ìjọba yìí kan náà ló ń tún ààfin ṣe, bí ayẹyẹ ìjọba bá sì wáyé ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, àárín àwọn mínísítà ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí, irú àwọn tí àwa ń pè ní kọmíṣọ́nnà.

Íńdíà kò lọ́ba mọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń dá awuyewuye sílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè náà ti 1950 kò fàyè gba kí ìjọba máa fi oyè dá èèyàn lọ́lá, yàtọ̀ sí oyè ológun àti ti ilé ẹ̀kọ́. Ní 1971, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì fòpin sí owó tí ìjọba ń san fún àwọn ọba tó fa ilẹ̀ wọn kalẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Àwọn Maharaja tí ilẹ̀ wọn fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè mìíràn lọ pàdánù tiwọn. Ti Arcot dúró digbí. Àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ará ìlú tó ń sanwó orí fi ń bọ́ ọmọ ọba kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù.

Ìdáhùn àwọn lọ́yà kò gùn. Àdéhùn tí àwọn Maharaja bá Íńdíà tuntun ṣe ló bí owó tiwọn. Òfin 1971 ló sì pa àdéhùn náà rẹ́. Ìdílé Arcot kò ní ilẹ̀ kankan tí wọn ì bá fà kalẹ̀ nígbà òmìnira, nítorí ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti 1801. Ẹni ìkẹyìn tó jẹ́ Nawab, ìyẹn oyè ọba ibẹ̀, Ghulam Ghouse Khan, kú ní 1855 láìbímọ. Lord Dalhousie, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kò sí àrólé, oyè ti parí. Azim Jah, tó jẹ́ àbúrò bàbá olóògbé, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1867, Ọbabìnrin Victoria fún un ní oyè mìíràn, Prince of Arcot, pẹ̀lú owó tí wọn kì í bu owó orí nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jogún. Íńdíà bá ẹrù yìí nílẹ̀, ó sì gbé e.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú òfin nìyẹn. Èyí tó yẹ kéèyàn béèrè ni bí ìdílé tó ń jọba lórí gbogbo ilẹ̀ Carnatic, láti ẹ̀bá Odò Krishna títí dé ìsàlẹ̀ gúúsù, ṣe wá di ẹni tó ń nawọ́ gba owó lọ́dọ̀ ìjọba àjèjì. Gbèsè ni. Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò jọ irú èyí tí a mọ̀, torí àwọn tó yáni lówó kò fẹ́ kí wọ́n san án tán láé.

Orí Muhammad Ali Khan Wallajah ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Anwaruddin Khan, ni Nawab Arcot, ìyẹn ajẹ́lẹ̀ tó ń ti ìlú Arcot ṣàkóso Carnatic, tó sì ń ṣojú Nizam, ọba Hyderabad, àti ọba Mughal ní Delhi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1749, wọ́n pa bàbá náà lójú ogun ní Ambur. Ẹni tó ń bá wọn du oyè, Chanda Sahib, ni àwọn Faransé tó wà ní Pondicherry ń tì lẹ́yìn. Muhammad Ali sá lọ sí Trichinopoly, wọ́n dó tì í níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti East India Company, ilé iṣẹ́ òwò ńlá kan, tó wà ní Madras, ìyẹn Chennai òde òní, wò ó pé bí Faransé bá ní Nawab tirẹ̀, òwò tiwọn bàjẹ́, ni wọ́n bá gbé ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá rẹ̀ sẹ́yìn. Ní 1751, Robert Clive, akọ̀wé Kọ́ńpìnnì tó gbé kálámù sílẹ̀ tó gbé ìbọn, kó ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọ ogun lọ gba Arcot, wọ́n dó tì í títí, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ́ Chanda Sahib lórí. Ìgbà tó fi di 1761, Pondicherry ti wó. Àdéhùn àlàáfíà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní Paris ní 1763 dárúkọ Muhammad Ali gẹ́gẹ́ bí Nawab Carnatic tó tọ́. Ẹ rò ó wò: ọba Íńdíà kan, ìlú Paris ni wọ́n ti fọwọ́ sí oyè rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fi í jọba tán ni Kọ́ńpìnnì gbé ìwé owó dé. Wọ́n ní nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jagun, nítorí náà òun ni yóò san gbogbo ohun tí wọ́n ná sí i. Wọ́n ka owó tí wọ́n fi dó ti Pondicherry mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé nìyẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Arcot. Kò tán síbẹ̀. Ọmọ ogun Kọ́ńpìnnì ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò sì máa san owó oṣù wọn. Ọba tí ọmọ ogun ẹlòmíràn ń ṣọ́ kò lè sọ pé òun ò ní sanwó. Bí owó kò bá sì sí lọ́wọ́, yóò yá a.

Ọ̀dọ̀ ta ló ti máa yá a? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Kì í ṣe Kọ́ńpìnnì ló ń yá a lówó. Àwọn òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì ni, látorí akọ̀wé kékeré títí dé orí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bá gómìnà ṣèjọba Madras. Owó oṣù tí Kọ́ńpìnnì ń san kò tó nǹkan, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí owó oṣù ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Kálukú ló ń wá ohun tí yóò kó padà sílé. Ní Bengal, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń gba owó orí. Ní Madras, òwò ti dẹ́nu kọlẹ̀. Nawab ni òwò tuntun.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ lóṣù kan péré. Ọjọ́ pé tí Nawab gbọ́dọ̀ sanwó fún Kọ́ńpìnnì, àpótí ṣófo. Gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ lẹ́tà líle sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn ni yóò rán agbódegbà rẹ̀ lọ sí ààfin pé òun ní owó díẹ̀ nílẹ̀. Nínú owó náà, díẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, díẹ̀ jẹ́ ti àwọn oníṣòwò ìlú tó fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Owó sogúndogójì ni: èlé rẹ̀ nígbà kan tó ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó wá sí 25, ó wá sí 20. Nawab yóò kọ ìwé gbèsè, yóò sì fi àgbègbè kan dógò: gbogbo owó ilẹ̀ àti ìpín irè oko tí ìbá wọlé fún ọba láti àgbègbè yẹn di ti ẹni tó yá a lówó títí wọn yóò fi san tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nawab san owó Kọ́ńpìnnì. Gómìnà kọ ọ́ sínú ìwé pé owó ti wọlé. Olówó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí àgbègbè tí wọ́n fi dógò. Nígbà tí irè bá jáde, ibi ìpakà ni wọ́n ti ń dúró de àgbẹ̀, bí àgbẹ̀ bá sì ṣorí kunkun, ọmọ ogun wà nítòsí, ọmọ ogun tí owó tí wọ́n yá ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó oṣù rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ tó ń pawó fún Nawab ti dín ní àgbègbè kan. Yóò tún yá.

Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ní Arcot, ẹni tí kò san ni wọ́n túbọ̀ ń yá. Ẹni tó bá san tán ti kúrò lọ́jà nìyẹn. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ ń gbèrú ni ìṣura. Owó tí àwọn kan kà sílẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó wà nínú ìwé gbèsè. Ìyókù jẹ́ èlé orí èlé, ẹ̀bùn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìlérí tí ọba ṣe fún ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ní ìgbìmọ̀. Ọba tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi ìwé gbèsè tọrẹ, kó kọ ọ́ pé òun jẹ ẹ́ ní iye kan, kó sì di dandan láti san án.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan síbí, torí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń ya Nawab bí àgùntàn tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Muhammad Ali kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbádùn afẹ́, òótọ́ ni: ó kúrò ní Arcot, ó wá kọ́ ààfin ńlá sí Chepauk létí òkun, kò jìnnà sí odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kí àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì bíi Tilly Kettle àti George Willison ya òun nínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iyùn àti òkúta olówó iyebíye lọ́rùn, idà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun kan tí àwọn ọ̀gá Kọ́ńpìnnì ní Lọ́ńdọ̀nù kò tètè rí. Bí òun bá jẹ ìdajì ìgbìmọ̀ Madras lówó, ìgbìmọ̀ náà kò ní jẹ́ kí òun ṣubú láé. Bí Kọ́ńpìnnì bá gbalẹ̀ lọ́wọ́ òun lónìí, ìwé gbèsè gbogbo wọn di bébà lásán. Nítorí náà àwọn olówó rẹ̀ ni odi rẹ̀. Ó tún rán John Macpherson, ọmọ Scotland, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1768 láti lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Kọ́ńpìnnì. Macpherson yìí kan náà ló padà di gómìnà àgbà fún gbogbo Íńdíà Gẹ̀ẹ́sì. Nawab ń kọ lẹ́tà sí King George III bí ọba sí ọba. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí àwọn ọ̀gá Kọ́ńpìnnì, ó bi wọ́n léèrè bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí wọn kò ní òwò kankan lórí ilẹ̀ òun, tí owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan, ṣe ń fi ọdún díẹ̀ di olówó ńlá padà sílé. Òun gan-an ló mọ ìdáhùn jù.

Ní 1767, wọ́n kó gbogbo gbèsè àdáni pọ̀ sójú kan, wọ́n sì dín èlé rẹ̀ kù sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jẹ́ £880,000. Ó yẹ kó máa dín kù látìgbà náà. Ó ń pọ̀ sí i ni.

Bí ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣe gba gbèsè mọ́, ojú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ aládùúgbò. Tanjore wà ní gúúsù, ilẹ̀ ìrẹsì tó ń mu omi Odò Cauvery, ilẹ̀ tó lọ́ràá ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Nawab lọ. Tuljaji, ọba Maratha, ló wà lórí oyè níbẹ̀. Nawab ní Tanjore jẹ òun ní owó ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1773, ọmọ ogun Kọ́ńpìnnì gba Tanjore fún un, wọ́n mú ọba náà. Kò pẹ́ tí àwọn olówó fi tẹ̀ lé wọn wọ Tanjore pẹ̀lú ìwé ìdógò tuntun. Àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù bínú nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n dá Tuljaji padà sórí oyè. Ẹni tí wọ́n rán láti ṣe é ni Lord Pigot, àgbàlagbà tó ti ṣe gómìnà Madras rí.

Pigot dá a padà ní 1776. Ni ọkùnrin kan bá dìde pé irè oko tó wà nílẹ̀ ní Tanjore, tòun ni. Paul Benfield ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì ni, kò ga nípò, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ún mélòó kan ni owó ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó dára jù ní Madras, ó sì tún jẹ́ kọngilá: òun ló ṣiṣẹ́ odi fún Kọ́ńpìnnì, òun náà ni wọ́n sì máa ń sọ pé ó kọ́ ààfin Chepauk fún Nawab. Ó ní Nawab jẹ òun ní £162,000, ìyẹn sì ti wà lórí owó ilẹ̀ Tanjore. Ó tún ní àwọn àgbẹ̀ Tanjore jẹ òun ní £72,000, irè tó wà lóko ló sì fi dúró fún un. Ìgbìmọ̀ ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí tó mú wá kò kún ọwọ́. Wọ́n kọ́kọ́ lé e sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yí ohùn padà, wọ́n gbà fún un. Ọ̀pọ̀ lára wọn ló ní ìwé gbèsè Nawab nílé. Bí ti Benfield bá já sófo, tiwọn náà ti já nìyẹn.

Pigot kọ̀. Ó ní kí wọ́n lé àwọn tó ń bá òun ṣe gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to kúrò ní ìgbìmọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1776, ó ń bá ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Colonel Stuart lọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ni. Ọ̀nà ni àwọn ọmọ ogun ti dá wọn dúró, wọ́n sì fàṣẹ mú gómìnà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi tì í mọ́lé, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1777. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin tó ṣe é fojú ba ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n jẹ̀bi. Owó ìtanràn tí wọ́n dá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ £1,000, iye tí ẹni tó ní ìwé gbèsè Nawab ń rí lórí èlé láàárín oṣù díẹ̀.

Lọ́dún tí Pigot kú, gbèsè méjì mìíràn tún wọlé. Èyí àkọ́kọ́ dùn ún gbọ́, àwọn tó ń kọ́ nípa owó ìjọba ì bá máa fi í kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Lọ́ńdọ̀nù ní kí Nawab tú àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ká torí wọn kò wúlò. Kò sì lè tú wọn ká láìsan owó oṣù tó ti jẹ wọ́n. Àwọn ará Madras mẹ́ta, òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì, ní àwọn yóò yá a ní £160,000, kó fi àgbègbè dógò. Ó gbà, ìjọba Madras náà sì gbà. Ìwé ló kọ́kọ́ dé o, owó kò dé. Ìwé ìlérí tí yóò di owó lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn ènìyàn wọn lọ gba àgbègbè náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ilẹ̀ jọ, owó yẹn náà ni wọ́n sì ń bù san fún àwọn ẹlẹ́ṣin díẹ̀díẹ̀, ó lé ní ọdún méjì kó tó parí. Lẹ́nu kan, owó Nawab ni wọ́n fi yá Nawab, wọ́n sì gba èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Edmund Burke, aṣòfin kan, ló tú àṣírí yìí síta nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Èkejì tóbi jù ú lọ: ìwé gbèsè tuntun tí wọ́n kó jọ ní 1777, tó jẹ́ £2,400,000, òun náà ní ìdá 12. Ta ló yá a, ìgbà wo, kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ní oṣù keje ọdún 1780, Hyder Ali, tó ń ṣàkóso Mysore, ilẹ̀ aládùúgbò, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọ Carnatic. Ó dáná sun abúlé títí dé ẹ̀yìn Madras. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ rẹ̀ Tipu àti òun run ẹgbẹ́ ọmọ ogun Colonel Baillie ní Pollilur. Àpótí Nawab ṣófo, odi rẹ̀ kò ní oúnjẹ, ọmọ ogun rẹ̀ kò gba owó oṣù. Ibí yìí làwọn àgbẹ̀ ti rí àbájáde owó sogúndogójì gan-an. Ilẹ̀ Carnatic kì í gbára lé òjò nìkan. Adágún omi tí àwọn baba ńlá gbẹ́, tí wọ́n sì mọ odi yí ká ni wọ́n fi ń dáko. Burke sọ fún àwọn aṣòfin pé adágún ńlá àti oníwọ̀n tó wà ní Carnatic àti Tanjore kò dín ní 10,000. Adágún yìí gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n dí ojú ibi tó ń jò. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ òun ni yóò jogún ilẹ̀ yóò ṣe é. Ẹni tí wọ́n fi àgbègbè dógò fún lọ́dún méjì, kí ló kàn án? Nígbà tí ogun wá dé, tí ìyàn sì tẹ̀ lé e, kò sí omi, kò sí ọkà nílẹ̀.

Ogun yìí ló mú kí Nawab fa owó ilẹ̀ gbogbo lé Lord Macartney, gómìnà tuntun, lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1781: ìdá kan nínú mẹ́fà fún ìtọ́jú ààfin, ìyókù fún ogun. Macartney kì í gba ẹ̀bùn, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ẹ̀rù ba àwọn olówó. Bí owó ilẹ̀ bá ń lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ìjọba, ta ni yóò tún máa wá yáwó lọ́wọ́ wọn? Nawab náà kábàámọ̀ kíákíá. Òun àti àwọn tó dógò tì í láti ọdún yìí wá pa ohùn pọ̀, lẹ́tà ń lọ, aṣojú ń lọ, títí Lọ́ńdọ̀nù fi pàṣẹ kí wọ́n dá owó ilẹ̀ padà fún Nawab. Macartney kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1785. Mi ò rí ibòmíràn nínú ìtàn tí ẹni tó jẹ gbèsè àti àwọn tó jẹ ní gbèsè ti jọ ja ìjà kan náà tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì jọ borí.

Ohun tó wà nídìí ìborí yẹn kò fara sin. Àwọn tó kówó bọ̀ láti Madras ti ń fi owó náà ra ìjókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Burke ní Benfield nìkan gbé ènìyàn mẹ́jọ wọlé, òun fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Ní 1784, ìjọba William Pitt, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ Íńdíà, Henry Dundas ni ọwọ́ agbára ibẹ̀. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní kí wọ́n wádìí orísun gbèsè Arcot. Àwọn ọ̀gá Kọ́ńpìnnì ti kọ ìwé pé àwọn yóò wádìí rẹ̀. Dundas fagi lé e. Ó pàṣẹ kí wọ́n máa san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti 1767, ti ẹlẹ́ṣin àti ti 1777, láti inú £480,000 tí Nawab yóò máa gbé kalẹ̀ lọ́dọọdún, láìbéèrè ìbéèrè kankan.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1785, Charles James Fox, aṣòfin tó ń ta ko ìjọba Pitt, dábàá kí wọ́n gbé ìwé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ilé. Burke dìde láti tì í lẹ́yìn. Ó pẹ́ lórí ẹsẹ̀. Ó ka iye owó kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ àwọn ènìyàn, ó sọ pé owó ìdìbò ni ìjọba ń fi gbèsè yìí san padà. Àwọn mínísítà kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Wọ́n dìbò: 69 tẹ̀ lé Fox, 164 kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Burke lọ́jọ́ náà ṣì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń kà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú aṣòfin. Kò dá pọ́n-ún kan dúró.

Muhammad Ali kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1795, lẹ́ni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì wà lórí oyè. Ẹ má ṣe fojú kéré ìyẹn. Ó fi gbèsè ra ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ rẹ̀ Umdat ul-Umara ló jogún oyè, ó sì bá gbèsè tuntun nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ní 1799, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Mysore, wọ́n pa Tipu ní Seringapatam, olú ìlú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí lẹ́tà nínú ààfin rẹ̀ tó fi hàn pé Nawab méjèèjì, baba àti ọmọ, ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rí náà tín-ín-rín, ìkíni àti ìbéèrè àlàáfíà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ Lord Wellesley, gómìnà àgbà, kò wá ẹ̀rí tó nípọn. Ní oṣù keje ọdún 1801, bí Umdat ul-Umara ṣe ń kú lọ lórí ibùsùn ní Chepauk, ọmọ ogun Kọ́ńpìnnì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Wọ́n gbé ìwé fún ọmọ rẹ̀, Ali Hussain: oyè wà fún un bó bá fa ilẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ó kọ̀. Wọ́n gbé e fún Azim-ud-Daula tó jẹ́ ìbátan wọn. Ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù náà, pé ìdá kan nínú márùn-ún owó ilẹ̀ ni yóò jẹ́ tirẹ̀, ìyókù di ti Kọ́ńpìnnì. Gómìnà Madras tó ṣe ètò náà ni Edward Clive, ọmọ Robert Clive tó gba Arcot fún Muhammad Ali ní àádọ́ta ọdún ṣáájú.

Bí Kọ́ńpìnnì ṣe gba ilẹ̀ ni wọ́n gba gbèsè mọ́ ọn. Àwọn tó ní ìwé gbèsè tuntun rọ́ wá láti gbogbo ọ̀nà. Ní 1805, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbéèrè, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìbúra. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí ìwé tí wọ́n fi èdìdì ayédèrú tẹ̀, wọ́n rí gbèsè tí kò sẹ́ni tó ka owó rẹ̀ sílẹ̀ rí. Nígbà tó di 1814, wọ́n ti yẹ ohun tó lé ní £20 mílíọ̀nù wò. Èyí tí wọ́n rí pé ó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi £1.3 mílíọ̀nù, nínú ogún, kò pé ẹyọ kan ààbọ̀. Benfield kò dúró rí i: ilé ìfowópamọ́ tó dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti wó, ó sì ti kú sí Paris ní 1810, nínú ìṣẹ́.

Ti 1767, ti ẹlẹ́ṣin àti ti 1777 kò dé iwájú ìgbìmọ̀ yẹn. Dundas ti ní kí wọ́n má ṣe wádìí wọn, nǹkan bí ogún ọdún sì ni wọ́n ti fi ń sanwó rẹ̀, àti èlé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó láti béèrè ìbéèrè.